Páílọ́ọ̀tì Ẹ̀yìnkùlé, Ẹ Kọ́kọ́ Ra Rìmóòtù

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Pápákọ̀ òfurufú Gateway ti lọ bà sí àárín Ìlíṣàn àti Ìperu, Rẹ́mọ ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tó kan Ẹ̀gbá ni ibùdókọ̀ ojú irin ní Ládérìn, tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. A dúpẹ́, a ò kọ̀ ọ́. Àmọ́ ta ló ń wọ reluwé tó ń pe ara rẹ̀ ní páílọ́ọ̀tì? Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn géńdé kan ní Ọbáńtokò, Oníkòlòbó àti Adátán ní Abẹ́òkúta ti ń ṣí pápákọ̀ òfurufú tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín táǹkì omi àti okùn tí ìyàwó ń sá aṣọ sí. Ẹlikọ́pítà onírìmóòtù ni wọ́n rà. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí o, Bọ̀dá Páílọ́ọ̀tì. Ẹ má wẹ̀yìn wò, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

A kúkú mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ lọ ra ṣájà fóònù. Ojú yín ṣèèṣì bọ́ sórí páálí kan lókè pátápátá. Ẹlikọ́pítà wà lára páálí yẹn, ó ń gba àárín òkè ńlá méjì kọjá, iná ń sọ nídìí rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ṣójà mẹ́wàá bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó wà nínú páálí kò lè gbé ẹ̀pà hóró mẹ́ta. Ọmọ tó ń tajà ní, "Bọ̀dá, orí-jínnà nìyí o, ó ń fò dé Lafẹ́nwá." Ẹ ò bi í bóyá ó ní abẹ̀bẹ̀ ìpààrọ̀. Ẹ ò bi í bóyá ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu yín: "Ṣé kò sí èyí tó tóbi ju báyìí lọ ni?"

Mi ò bá yín wí. Àrùn títóbi yìí, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Nígbà tí ogun le, àwọn ẹlòmíì sá sẹ́yìn igi. Àwa wá Olúmọ, òkúta tó gba odindi ìlú, a sá sábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí kò bá tóbi kì í wọ̀ wá lójú: gèlè ni, gbohùngbohùn òde ìnáwó ni, ikùn alága àpèjẹ ni. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ẹlikọ́pítà ńlá máa ń dúró sójú kan nínú atẹ́gùn ju kékeré lọ, kò purọ́. Ohun tó gbàgbé láti sọ ni iye owó tí ìṣubú kan ṣoṣo máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Kékeré bọ́ sílẹ̀, ẹ nu eruku kúrò lára rẹ̀. Ńlá bọ́ sílẹ̀, ẹ lọ yáwó ní kóòpù.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á: ẹ jẹ́ kí rìmóòtù kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra ẹlikọ́pítà tí kò ju ẹyẹlé lọ. Torí pé ẹlikọ́pítà àkọ́kọ́ yín máa kú. Mi ò gégùn-ún, mi ò sì ríran. Ó máa kú ni. Ìkejì á tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta á gbìyànjú díẹ̀. Rìmóòtù ló máa sin gbogbo wọn, á jókòó níwájú òkú bí olórí ẹbí, kó tó tún bá yín mú òmíràn wọlé.

Rìmóòtù tó bá ẹlikọ́pítà páálí wá ò lè ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ èdè rẹ̀ láyé yìí, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kú, rìmóòtù di opó tí kò lè fẹ́ ẹlòmíì mọ́, ọmọ yín á sọ ọ́ di fóònù. Èyí tí mò ń wí ni irú FlySky FS-i6, tí owó rẹ̀ kò ga jù, tó ní ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, tó ń jẹ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kéékèèké mẹ́rin. Tàbí RadioMaster, èyí tí àwọn kan nínú wọn ń sọ oríṣiríṣi èdè bí ọlọ́jà Kútọ̀ tó rí oníbàárà láti ìlú òkèèrè. Tàbí Spektrum, bí owó yín bá gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹlikọ́pítà tẹ́ ẹ fẹ́ rà ń gbọ́ èdè rìmóòtù náà, torí kò sí ògbufọ̀ lókè. Àwọn ẹlikọ́pítà Blade kéékèèké, ti Spektrum ni wọ́n ń gbọ́. Kí FlySky pè wọ́n tàárọ̀ tọ̀sán, wọn ò ní jẹ́ ẹ.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham. Ẹ mọ irú ẹ̀bùn náà: rìmóòtù tí irin orí rẹ̀ gùn tó ọ̀pá ìpẹja, tí ẹ̀gbọ́n rà nígbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀. Láyé ọjọ́un, orí 35 megahertz ni wọ́n ń lò ó ní Ìlú Ọba, kálukú ní kírísítà tirẹ̀, ẹni méjì kò sì gbọdọ̀ wà lójú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó di ilé ìjọsìn méjì tó kọjú gbohùngbohùn síra wọn: ẹlikọ́pítà á máa gbọ́ ìwàásù méjì pọ̀, á sì yàn láti lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. 2.4 gigahertz ni ti òde òní, tó máa ń wá àlàfo fúnra rẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ fi irin gígùn yẹn sá aṣọ.

Ọ̀rọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì ló kàn, kò sì yẹ kó rú ọmọ Ẹ̀gbá lójú, torí ọba mẹ́rin la ní: Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, Àgùrá Gbágùúrá àti Olówu, kálukú sì mọ ibi tí àṣẹ òun dé. Ẹlikọ́pítà oníṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin nìyẹn. Ọ̀kan ń gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ọ̀kan ń yí imú rẹ̀, ọ̀kan ń tì í síwájú tàbí sẹ́yìn, ìkẹrin ń mú kó fẹ̀gbẹ́ rìn sọ́tùn-ún tàbí sósì. Oníṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta kò mọ ẹ̀gbẹ́ẹ́ rìn rárá. Rìmóòtù yín ni kó ní mẹ́fà, nítorí ọjọ́ iwájú. Ẹlikọ́pítà àkọ́rà, mẹ́rin tó o. Ẹni tó bá ní dandan, mẹ́fà lòun fẹ́ lókè náà, mo lè bá a fi Ọba Olúbàrà ṣe ẹ̀karùn-ún, kó lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ẹ̀kẹfà. Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀fẹ̀ ni o, orí mi wà nílẹ̀.

Ọ̀pá kékeré méjì ló wà lójú rìmóòtù. Bó bá jẹ́ Mode 2, ọwọ́ òsì ni ọ̀pá iná wà, ìyẹn èyí tó ń gbéra. Bó bá jẹ́ Mode 1 tí àwọn ará Japan fẹ́ràn, ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Ọ̀pá iná yìí kì í padà fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá tì í dé ló ń dúró sí, bíi gbèsè. Ẹ yan Mode 2, ẹ má yí i mọ́ láéláé. Ẹni tó bá ń fi òní Mode 1, tó ń fi ọ̀la Mode 2, yóò dé ọjọ́ kan tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́, tó sì máa ta lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò.

Gbogbo èyí wà nínú ìwé pélébé tó wà nísàlẹ̀ páálí. Ẹ ò kà á. Ìlú tí Àlùfáà Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn fún lọ́dún 1859, nígbà tí àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀làjú lónìí ò tíì rí bébà ìwé ìròhìn rí! Ọmọ ọmọ àwọn òǹkàwé yẹn ló wá fi ìwé ìlànà dá iná sítóòfù.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ẹlikọ́pítà fúnra rẹ̀. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ, ẹ má wá orúkọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìbejì lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ mọ̀ pé bí abẹ̀bẹ̀ orí bá ń yí sọ́tùn-ún, ara ẹlikọ́pítà á fẹ́ máa yí sósì, bí ẹni tí wọ́n dì mú níbi ìjà tó ń já ara rẹ̀ gbà. Ti Ìbejì, abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà lórí ọ̀pá kan: Táyé ń yí síhìn-ín, Kẹ́hìndé ń yí sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ parí, ara dúró jẹ́jẹ́. Syma S107 láti Ṣáínà ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 22 lọ. Kò gbówó lórí, kò sì tètè kú. Ṣùgbọ́n ìtànṣán bíi ti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ló ń lò, oòrùn sì máa ń dí i létí. Ẹ gbé e jáde ní aago méjì ọ̀sán ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ oòrùn tó ń yan páànù, kẹ́ ẹ ní kó yà sósì. Kò ní gbọ́. Ẹ bú u, ẹ súre fún un, ẹ pè é ní orúkọ ìyá rẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń lọ. Pálọ̀ ni ilé rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé e gbéra ní pálọ̀ ọ̀hún, ẹ pa fáànù àjà, torí abẹ̀bẹ̀ ńlá kì í bá abẹ̀bẹ̀ kékeré ṣeré. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, NẸ́PÀ á bá yín pa á.

Ìkejì ni Ànìkànjayé. Abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ò ní èkejì, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà ní ìdí ìrù ló ń dì í mú kó má yí. Ọjọ́ tí abẹ̀bẹ̀ ìrù yẹn bá kọṣẹ́, ẹ máa rí ijó tí eégún alárìnjó ò jó rí. Ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló ní, ó lè jáde síta níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn bá ń sùn, ọ̀pọ̀ tó sì dé láìpẹ́ ní jáírò tó ń dá wọn dúró ṣánṣán bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá. Òun lọkàn mi yàn fún yín. Ó ń kọ́ni níṣẹ́, kì í sì í pani.

Ẹ̀kẹta ni Adán. Èyí lè ṣorí kodò fò, torí abẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ máa ń yí ojú padà lójú òfurufú. Òun lẹ rí lórí fóònù tó ń tàkìtì, òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà yìí. T-Rex tí ilé-iṣẹ́ Align ní Taiwan ń ṣe wà nínú ìran yìí: 450 rẹ̀ fẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 70 láti etí abẹ̀bẹ̀ kan dé èkejì, 700 rẹ̀ fẹ̀ ju mítà kan àbọ̀ lọ. Mo fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀ níbí: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní Brooklyn ní New York, irú èyí tó tóbi yẹn pa ọmọ ọdún 19 kan tó mọ̀ ọ́n fò dáadáa, nínú pápá ìṣeré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì lókè ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí Adán máa wà lórí fóònù.

Ẹ ó ní ta ni kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ẹ̀yin ni. Nígbà tí ìdí ẹlikọ́pítà bá kọjú sí yín, gbogbo wa ni páílọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kó yíjú padà, kí imú rẹ̀ máa wò yín lójú báyìí: ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì yín. Ẹ ti rí kọ́ńdọ́ tó dúró lẹ́yìn dánfó ní Lafẹ́nwá, tó ń darí dẹ́rẹ́bà tó ń rìn sẹ́yìn? "Wá, máa bọ̀, ọ̀tún ẹ, ọ̀tún ẹ, ọ̀tún èmi kọ́, ọ̀tún ẹ!" Gbọ̀ọ̀! Ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ́ dẹ́rẹ́bà, kọ́ńdọ́ àti ògiri.

Ìwòsàn rẹ̀ wà. Rìmóòtù gidi tí mo ní kẹ́ ẹ rà, ẹ lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ máa fò nínú símúlétọ̀. Níbẹ̀, ẹ lè já ẹlikọ́pítà ogójì lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ìyàwó má mọ̀, kí owó oúnjẹ má dín. Ẹ kọ́ bó ṣe ń dúró sójú kan, kẹ́ ẹ kọ́ ọ nídìí, kẹ́ ẹ kọ́ ọ nímú. Mo mọ̀ pé kò ní wù yín, torí kò sí ẹni tó máa dúró lójú fèrèsé máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń fò nínú kọ̀ǹpútà.

Ti bátìrì kò gba àròyé. Líípò ni wọ́n ń pè é, fólítì 4.2 ni ẹyọ kan ń ní bó bá yó. Ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń fò, ìdajì wákàtí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń jẹun. Bó bá wú bí búrẹ́dì inú omi, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má fi iná kankan bọ́ ọ mọ́, ká má tíì sọ ti jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń ta gìrìgìrì. Èyí tí kò wú náà, ẹ má ṣàájì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì, nínú ìkòkò amọ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà ni àwọn olùfẹ́ ìlú. Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín ń rò ó láti kun ẹlikọ́pítà rẹ̀ ní àwọ̀ àdìrẹ, kó lè gbé àṣà Ìtokù ga. Ẹ̀mí rere ni. Ẹ gbé ohun aláró lọ sínú òfurufú aláró, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ibi tó wọlé sí. Ẹ kùn ún ní yẹ́lò, kẹ́ ẹ wọ àdìrẹ fúnra yín.

Níbo lẹ ó ti fò ó? Kì í ṣe orí Olúmọ, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba ara àpáta rú, tí òrùlé páànù dídípẹtà sì tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀, tó ń retí yín. Kì í ṣe Òkè-Mosàn, níbi tí Gómìnà ń gbé ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe ìtòsí bárékè Alámàlà: ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, wọn kì í ta àmàlà níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì bù fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ já wọlé kì í ní gbẹ̀gìrì. Ẹni tó fẹ́ fi dróònù ṣeré ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ ló ń wá kiri lọ́dọ̀ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò àti àjọ NCAA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ wo ṣójà tí ẹ fẹ́ máa ṣàlàyé fún pé tiyín kì í ṣe dróònù, ẹlikọ́pítà ni, kékeré ni, jọ̀wọ́ sà. Ẹ wá pápá gbalasa tí èèyàn kò sí, koríko kó rọ̀ níbẹ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ má dán an wò ní alẹ́ ní àdúgbò àtijọ́. Ìró abẹ̀bẹ̀ yẹn nínú òkùnkùn, hùn-ùn, hùn-ùn, gbogbo obìnrin àdúgbò á ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n á ní Orò jáde láìkéde. Àwọn Olórò gan-an á wá béèrè ta ló fún yín láṣẹ.

Bó bá ti ń ṣubú, ẹ rántí ohun kan: ẹ sọ ọ̀pá iná kalẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀dá ló máa fẹ́ tẹná sí i, kó lè padà gòkè. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nígbà tó kan ilẹ̀ ló ń ṣẹ́, èyí tó ti dúró máa ń fara pa díẹ̀. Ẹ má pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má gbàdúrà, ọ̀pá iná ni kẹ́ ẹ mú wálẹ̀, àdúrà lè tẹ̀lé e. Kẹ́ ẹ sì ti ra abẹ̀bẹ̀ orí àti ti ìrù sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra ẹlikọ́pítà, torí kò sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó máa ní ó wà. Ó máa fi gúlù lẹ̀ ẹ́, á gba owó, á ní, "Bọ̀dá, ó ti dà bí tuntun." Ẹ̀gbẹ́ kan á wúwo ju èkejì lọ, ẹlikọ́pítà á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Ohun tó kù ni àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n máa jáde, wọ́n máa pọ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á máa pariwo "ẹlikọ́pítà!" Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á di òṣìṣẹ́ yín: ọ̀kan ń gun igi máńgòrò lọ gbé e, ọ̀kan ń bá Ìyá Ọlọ́ṣun sọ̀rọ̀ nítorí òrùlé, ọ̀kan ń ṣa abẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ti rẹ̀ yín, èyí tó kéré jù nínú wọn, tí ikùn rẹ̀ hàn lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun di rìmóòtù mú díẹ̀. Ẹ máa fún un, kẹ́ ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹlikọ́pítà á gbéra jẹ́ẹ́, á dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ òfurufú, á yíjú padà, á kọ imú sí i, kò ní mì. Ọmọ náà ò ní gbójú kúrò lókè bó ṣe ń sọ fún yín pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo fẹ́ bà."